Oṣù mẹ́fà ni dókítà sọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni òfin fún ìyá: ta ló ń pinnu oúnjẹ tí ọmọ wa kọ́kọ́ jẹ?

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn kọ ọ́ síta pé ẹ ti ń fún ọmọ oṣù mẹ́rin ní ògì. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, àwọn kan á ti pe ìyá ọmọ ní aláìmọ̀kan. Àwọn mìíràn á ní ògì yẹn náà làwọn jẹ dàgbà, kò sì pa àwọn. Gbogbo ariwo yẹn, orí ìyá ọmọ ló máa ń já lé. Mi ò tíì rí ẹni tó bèèrè ọjọ́ tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí ìyá náà wọlé padà. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sọ kò ṣòro. Àjọ WHO ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí wà níbẹ̀. Kó tó tó oṣù mẹ́fà, omi àti oúnjẹ lè kó kòkòrò àrùn wọ ikùn ọmọ, wọ́n sì ń gba àyè ọmú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ẹ̀wẹ̀, iron tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí tí ọmọ ti kó pamọ́ látinú oyún, ti ń tán lọ. Ọmú nìkan kò tó mọ́.

Gbogbo wa la ti gbọ́ èyí ní ilé ìwòsàn, lórí rédíò àti lára ògiri. Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìlera NDHS ọdún 2018, ọmọ 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2023 sí 2024, 29 náà ló tún jẹ́. Bí ìpolongo ò bá sinmi tí nọ́ńbà sì dúró sójú kan, á jẹ́ pé kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló ń bá wa jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin wò. Abala 54 nínú Labour Act ló sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó lóyún níbi iṣẹ́. Ó ní ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá nìyẹn. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí òfin fi dandan lé kò ju ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá padà dé, kí wọ́n máa fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ wá fi ìṣirò yìí wo obìnrin tó ń gbé ní Palmgrove tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Oṣù mẹ́fà dókítà jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tó bá lo ìsinmi rẹ̀ bí òfin ṣe tò ó, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fi sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ogún ọ̀sẹ̀ ló kù tí kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa rí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òfin fún un ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ikorodu Road ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè gbé èèyàn kọjá Third Mainland Bridge wálé, kó fún ọmọ lọ́mú, kó tún padà? Láìsí ibi ìtọ́jú ọmọ nítòsí ọ́fíìsì, orí ìwé lásán ni ẹ̀tọ́ yẹn wà.

Lóòótọ́, ìjọba kan ti gbìyànjú. Ní ọdún 2014, lásìkò Gómìnà Fáṣọlá, ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù kíkún fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó nìkan ló wà fún. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti kó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà Àláúsà ò lè pàṣẹ ìsinmi fún báńkì tàbí iléeṣẹ́ aládàáni. Ẹ wo ohun tó bí: obìnrin méjì lè jọ gbé inú ilé kan ní Ṣómólú, kí wọ́n bímọ lọ́sẹ̀ kan náà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Àláúsà á wà nílé fún oṣù mẹ́fà, èkejì á ti wà nínú dáńfó kí oṣù mẹ́ta tó pé. Tí ọmọ ẹnì kejì bá wá ń mu ògì, ṣé ìmọ̀ ló yàtọ̀ láàárín wọn?

Àwọn tí kò tiẹ̀ ní ọ̀gá ńkọ́? Ìyá tó ń ta tòmátò ní Bàríga, onídìrí, obìnrin tó ń ka ìwé pọ̀ níbi ìtẹ̀wé ní Ṣípéolú. Abala 54 ò mọ̀ wọ́n rí. Ọjọ́ tí wọn ò bá jáde, owó ò wọlé. Àwọn lè gbé ọmọ pọ̀n lọ síbi iṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú oòrùn, èéfín àti ariwo, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ráyè jókòó fún un lọ́mú bó ṣe yẹ?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní oṣù mẹ́fà pé wẹ́rẹ́. Wàhálà kejì ń dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ Public Eye ti Switzerland àti IBFAN gbé ìwádìí jáde lórí oúnjẹ ọmọdé tí Nestlé ń tà. Wọ́n ní Cerelac kan láti Nàìjíríà tí àwọn yẹ̀ wò ní ṣúgà àfikún tó gíráàmù 6.8 nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ìyẹn ju ṣíbí tíì kan àbọ̀ lọ. Ní Switzerland, níbi tí iléeṣẹ́ náà ti wá, àwọn oúnjẹ ọmọdé tó jọ ọ́ kò ní ṣúgà àfikún. Nestlé fèsì pé àwọn ń tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, pé àwọn sì ti dín ṣúgà inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri àgbáyé láàárín ọdún mẹ́wàá.

Èsì yẹn ló dùn mí jù, torí pé ó lè jẹ́ òótọ́. Ìlànà Codex, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wò kọ òfin oúnjẹ wọn, gba ṣúgà láàyè dé ìwọ̀n kan nínú oúnjẹ oníhóró fún ọmọdé. WHO ní tirẹ̀ sọ nínú ìlànà ọdún 2023 pé kò yẹ ká máa fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ní oúnjẹ tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Àárín ìlànà méjèèjì yìí ni ọmọ wa ti ń kọ́ adùn. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ta ló wá yẹ kó gbèjà ìdí ọmọ wa, bí kì í bá ṣe òfin wa?

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ tilé ló dáa o. Ògì tí a fi omi là títí tó ń ṣàn bí omi ìfọwọ́ ń kún ikùn, kò kún ara. Sísẹ́ tí a ń sẹ́ ẹ ti mú lára oore àgbàdo lọ. Kí ògì ki díẹ̀, kí á lọ edé, ẹja gbígbẹ, ẹ̀pà tàbí sọ́yà sí i, kí epo pupa kán sí i. Ẹ̀wà tí a gún kúnná, ẹyin tó jinná dáadáa, ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, gbogbo wọn wà lọ́jà. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló tó láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn. Oyin, ó di ẹ̀yìn ọdún kan. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹyin ò sì rọ̀ mọ́. Ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Ní ti Tom Brown tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dán, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ṣómólú mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé lébẹ́ẹ̀lì tó rẹwà ò le láti tẹ̀. Lára agolo tàbí páálí èyíkéyìí, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ingredients sí. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Tí sugar tàbí sucrose bá wà lókè níbẹ̀, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mi ò ní ká lé iléeṣẹ́ kankan kúrò nílùú. Láti ọdún 1990 ni a ti ní òfin tó ń ká àwọn tó ń polówó wàrà àfidípò ọmú lọ́wọ́ kò, nítorí náà a mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá wù wá. Ohun mẹ́ta ni mò ń bèèrè. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ tún abala 54 ṣe, kó di oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó kíkún, kí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké sì rí ìrànwọ́ gbà kí wọ́n má baà sá fún obìnrin. Kí NAFDAC ní kí wọ́n kọ ṣúgà àfikún gàdàgbà síwájú agolo oúnjẹ ọmọdé, títí a ó fi fòfin yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti Bàríga fi yàrá kan sílẹ̀ fún abiyamọ nínú ọjà tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Aṣòfin tó ń ṣojú Ṣómólú ní Àbújá ń bọ̀ wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa láìpẹ́. Tó bá dé Palmgrove, ẹ gba ìrẹsì rẹ̀ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bi í kí ló ti ṣe sí abala 54.