Ìró Tí Ó Ń Jí Ni: Yíyan Àláàmù Fóònù Jẹ́ Ọ̀ràn Ìlera

Ní agogo mẹ́rin òru, kí àkùkọ tó kọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú Èkó àti àgbègbè rẹ̀, fóònù ti ń ké nínú yàrá. Láti Ìkòròdú títí dé Ọ̀tà, láti Mowe títí dé Àgbárá, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ dé Erékùṣù Èkó kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìró náà ń gbé dìde. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì yí i padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra fóònù. Èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù fi sí i ni wọ́n ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń já wọn láyà lójoojúmọ́.

Ojú ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọn ènìyàn fi ń wo ìró àláàmù, bí ìgbà tí ènìyàn ń yan àwòrán tí yóò fi sí ojú fóònù rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìró tí ó kọ́kọ́ wọ etí ènìyàn ní òwúrọ̀ lè ní ọwọ́ nínú bí ọpọlọ rẹ̀ yóò ti tètè jí tó, àti nínú bí ara rẹ̀ yóò ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ó yẹ kí olúkúlùkù fi làákàyè yàn án. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí ó yé gbogbo ènìyàn pé kò sí ìró kankan, bí ó ti wù kí ó dùn tó, tí ó lè rọ́pò oorun tí ènìyàn kò sùn.

Oorun kì í rí bákan náà láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ìpele ìpele ni. Oorun fẹ́ẹ́rẹ́ wà, oorun tí ó wọra wà, èyí tí àlá ń pọ̀ nínú rẹ̀ náà sì wà. Wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn ní ìyípo ìyípo jálẹ̀ òru. Bí ènìyàn bá sùn tó tí ó sì jí fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ ti máa ń múra sílẹ̀ kí ojú tó là: ìgbóná ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, èròjà kọ́tísọ́ọ̀lù tí ó ń ta ara jí náà sì ti ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àláàmù kì í dúró de ìmúrasílẹ̀ yìí. Nígbà tí àkókò bá tó ni yóò ké, ì báà jẹ́ inú oorun tí ó wọra jù lọ ni onítọ̀hún wà.

Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè dìde dúró tán kí ọpọlọ rẹ̀ má tíì jí. Yóò la ojú, yóò sì dáhùn bí wọ́n bá pè é, síbẹ̀ ìrònú rẹ̀ kò ní já gaara, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa lọ́ra. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ti ṣe ìwádìí ipò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí ó tó kúrò lójú, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tí kò sùn tó. Ewu rẹ̀ kò fara sin. Awakọ̀ tí ó dìde lórí ibùsùn tí ó sì ti wà lójú pópó kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé wà nínú ewu náà. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n jí lójijì kí ó wá wọn oògùn fún aláìsàn, àti ìyá tí ó ń tan sítóòfù nínú òkùnkùn kí àwọn ọmọ tó jí.

Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì RMIT ní ìlú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tí Stuart McFarlane ṣáájú wọn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí à ń pè ní PLOS ONE. Ènìyàn 50 ni wọ́n bi léèrè nípa ìró tí ó ń jí wọn àti bí ara wọn ti ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá jí. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí ìró olórin dídùn ń jí, èyí tí ènìyàn lè kùn tẹ̀lé, kì í sábà ráhùn pé oorun ṣì wà lójú àwọn bíi ti àwọn tí ariwo tí kò ní orin nínú ń jí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìwádìí yìí di ohun tí kò jẹ́. Ènìyàn 50 kò pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ni àwọn olùwádìí gbà, wọn kò fi ẹ̀rọ wọn ọpọlọ wọn bí wọ́n ti ń jí. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó tinú rẹ̀ jáde kò ná ẹnikẹ́ni lówó, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó bá fi orin rọ́pò ariwo tí ó ń já a láyà kò pàdánù ohunkóhun.

Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ajísààrì máa ń káàkiri àdúgbò ní òru láti jí àwọn aláàwẹ̀ fún oúnjẹ sààrì. Kì í ṣe ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Orin wéré ni wọ́n ń kọ pẹ̀lú ìlù. Inú orin yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó di olóògbé ní ọdún 2010, ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbé fújì kalẹ̀. Bí àwọn ajísààrì bá ń bọ̀, láti òkèèrè ni etí ti máa ń gbọ́ orin wọn, yóò sì máa ga sí i bí wọ́n ti ń súnmọ́ tòsí. Ẹni tí ó sùn yóò ti máa ta jí díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé lè ṣe lónìí nìyí, nípa jíjẹ́ kí ìró àláàmù bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́ kí ó sì máa ga sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé orin kò lè jí àwọn, pé oorun àwọn wúwo, àfi kí nǹkan ké gan-an. Òótọ́ ni pé oorun ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìró tí ó tínrín tí ó sì ń gún etí kọ́ ni ó ń jí ènìyàn jù. Dorothy Bruck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Victoria, ní Melbourne kan náà, ṣe ìwádìí lórí àláàmù tí ó ń kéde èéfín nínú ilé. Wọ́n rí i pé ìró tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó jẹ́ Hertz 520, ń jí àwọn ọmọdé àti àwọn àgbàlagbà ju ìró tínrín tí ó tó nǹkan bí Hertz 3,000 lọ. Láti ọdún 2014, ìlànà ààbò iná ní Amẹ́ríkà ti béèrè irú ìró ìsàlẹ̀ yìí ní àwọn yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn sí nínú ilé ìtura. Ìró tínrín ni etí kọ́kọ́ máa ń pàdánù bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń ṣètò fóònù fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tí ó ti dàgbà, ó dára kí ó yan ìró tí ó nípọn, tí ìlù wà nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn mìíràn ni pé ohun tí etí bá ń gbọ́ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ di ohun tí kò kà sí mọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kì í gbọ́ ariwo ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ ṣe lè pa àláàmù kí oorun tó dá lójú. Ní ilé ìwòsàn pàápàá, etí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń di sí ìró àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ké lọ́tùn-ún lósì. Ìdí nìyí tí Joint Commission, àjọ tí ó ń fún àwọn ilé ìwòsàn ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà, fi sọ bíbójútó ìró wọ̀nyí di ọ̀kan lára àfojúsùn rẹ̀ fún ààbò aláìsàn ní ọdún 2014. Bí ènìyàn bá ti ṣàkíyèsí pé òun ń pa àláàmù láìmọ̀, àkókò ti tó láti yí i padà.

Èyí ṣe pàtàkì jù lọ fún àwọn tí ó ń fi fóònù rántí oògùn. Fóònù wúlò púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní ọdún 2010, fi hàn pé àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí fóònù ran àwọn tí ó ní kòkòrò HIV lọ́wọ́ láti máa lo oògùn wọn déédéé. Ṣùgbọ́n bí ìró tí ó ń jí ni bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì tún jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìpàdé, etí kò ní mọ èyí tí yóò mú. Ó yẹ kí ìró oògùn dá yàtọ̀, kí ó má jọ nǹkan mìíràn nínú fóònù náà.

Yíyí ìró padà kò le. Nínú fóònù Android, ènìyàn yóò ṣí ibi tí aago wà, yóò tẹ àláàmù tí ó ti ṣètò, yóò sì tẹ àmì agogo tàbí orúkọ ìró tí ó wà níbẹ̀ láti yan òmíràn. Nínú iPhone, yóò ṣí aago, yóò tẹ "Edit" lójú àláàmù, yóò mú àláàmù tí ó fẹ́, yóò tẹ "Sound", yóò sì fi "Save" parí rẹ̀. Orin tí ó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ ni ó dára jù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ lóru. Kí iná fóònù má tán mọ́jú, ó yẹ kí ó ti gba iná kí onílé tó lọ sùn, nítorí a kò mọ ìgbà tí iná ìjọba yóò lọ. Kò yẹ kí fóònù tí ó ń gba iná wà lábẹ́ ìrọ̀rí, torí pé ó lè gbóná kọjá àlà. Bí ó bá wà lórí tábìlì tí ènìyàn ní láti dìde kí ọwọ́ tó tó o, ìyẹn gan-an yóò ran jíjí lọ́wọ́.

Àláàmù kì í sì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ni ó jọ ń sùn sí yàrá kan. Àwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 6 sí 12 máa sùn fún wákàtí 9 sí 12, kí ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 13 sí 18 sì máa sùn fún wákàtí 8 sí 10. Bí àláàmù bàbá bá ké ní agogo mẹ́rin, tí ó sún un síwájú, tí ó tún ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oorun ọmọ tí kì í jáde nílé títí di agogo méje ni ó ń bàjẹ́. Ọmọ náà yóò sì máa tòògbé ní kíláàsì, olùkọ́ yóò sì máa pè é ní ọ̀lẹ. Àláàmù kan ṣoṣo tó, kí ìró rẹ̀ rọra bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín sì dìde ní ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ padà sórí oorun fúnra rẹ̀. Ó kéré tán, wákàtí méje ni àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn fún àgbàlagbà ní òru kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó sùn ní agogo mọ́kànlá tí ó sì jí ní agogo mẹ́rin ti jẹ gbèsè wákàtí méjì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún iṣẹ́, gbèsè náà di wákàtí mẹ́wàá, kò sì sí orin tí yóò san án. Ẹni tí kò lè yí àkókò tí ó ń jí padà ní láti yí àkókò tí ó ń sùn padà, kí ó pa tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Fóònù kan náà tí ó ń jí ènìyàn ní òwúrọ̀ ni ó ń jí oorun gbé lójú rẹ̀ ní alẹ́.

Bí ènìyàn bá sì ń sùn tó, tí ó ń hanrun kíkankíkan, tí ó ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí oorun sì tún ń kùn ún ní ọ̀sán, kì í ṣe àláàmù ni ó yẹ kí ó yí padà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ó yẹ kí ó lọ, torí pé ó lè jẹ́ pé èémí rẹ̀ ń dí lójú oorun.

Kò tọ̀nà kí gbogbo ẹrù náà wà lórí òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ń jí ní agogo mẹ́rin kò fẹ́ràn òru. Ọ̀nà tí kò gba ọkọ̀ àti iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ ni ó ń lé e dìde. Àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé ní agogo mẹ́wàá, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, ń fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí. Ìjọba tí ó bá sì tún ọ̀nà ṣe, tí ó pèsè ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi, ń ṣe iṣẹ́ ìlera pẹ̀lú.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ olúkúlùkù ni kí ó ṣe. Kí ó tètè sùn, kí ó yan ìró tí kò ní já a láyà, kí ó sì fún ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó di ọkọ̀ mú tàbí kí ó tó tan iná. Àwọn àgbà ní òwúrọ̀ ni ọjọ́. Bí òwúrọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjayà lójoojúmọ́, ara ni yóò san gbèsè rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ìlera sì ni oògùn ọrọ̀.