Chloroquine àti Ẹ̀rí Tí Kò Tó

Nígbà tí Covid-19 wọ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, chloroquine, oògùn ibà tí àwọn ará Bantè àti Savalou mọ̀ sí Nivaquine, kì í ṣe àjèjì, nítorí náà ìròyìn láti Marseille ní Faransé pé dókítà Didier Raoult fún àwọn aláìsàn díẹ̀ ní hydroxychloroquine, oògùn tó bá chloroquine tan, tí kòkòrò Covid-19 sì dàwátì lára púpọ̀ nínú wọn, tètè rí onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kí nǹkan méjì jọ wáyé kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì, nítorí ara ọ̀pọ̀ ẹni tí Covid-19 mú ìbá yá láìlo oògùn kankan. Ìdánwò RECOVERY ní Bìrìtìkó, níbi tí kèké ti pinnu ẹni tí yóò gba oògùn, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le jù ló gbà á, fi hàn pé nínú aláìsàn 1,561 tó lo hydroxychloroquine, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún kú láàárín ọjọ́ 28, nígbà tí ó jẹ́ 25 láàárín 3,155 tí kò lò ó. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó tẹ iṣẹ́ Raoult tó fagi lé e, ó sì pẹ́ jù. Àwọn kan ṣì ń wí pé ibi tí ibà pọ̀ sí ní Áfíríkà ni Covid-19 kò ti pani púpọ̀, bí ẹni pé oògùn ibà ló fà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbàlagbà ni àrùn náà ń pa jù, ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.