Irọ́ Ni Pé Òyìnbó Ń Ju Òbí Rẹ̀ Nù

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Níbi ìsìnkú àgbà kan láìpẹ́ yìí, olóòtú ètò gba máìkì, ó ní ká dúpẹ́ pé Yorùbá ni wá, pé òyìnbó kì í tọ́jú òbí, pé bí bàbá wọn bá ti darúgbó, wọ́n á dì í bí ẹrù lọ sí Florida, ó di gbére. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan sì fi òwe òkété tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, irọ́ ni níbi gbogbo.

Lóòótọ́, arúgbó pọ̀ ní Florida, ìpínlẹ̀ olóoru kan ní Amẹ́ríkà. Ta ló wá kó wọn lọ síbẹ̀? Charles F. Longino, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ìwé ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà wò. Láti 1960 títí dé 2000, ètò náà máa ń bi àwọn ènìyàn pé níbo ni wọ́n ń gbé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Nínú 100 ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè, àwọn tó kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn láàárín ọdún márùn-ún yẹn kò tó 5. Bí ìkànìyàn kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí. Ìpínlẹ̀ wọn ni àwọn yòókù jókòó sí.

Àwọn tó lọ gan-an, ọmọ kankan kọ́ ló lé wọn. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì ló pọ̀ nínú wọn, ara wọn ṣì le, owó ń wọlé, wọ́n sì ti máa ń lo ìsinmi níbẹ̀ tipẹ́. Òtútù New York sú wọn, wọ́n ta ilé, wọ́n wa ọkọ̀ ara wọn lọ.

Ibi tí àwọn abúni wọ̀nyí kì í fẹ́ dé ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1987, Longino àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Eugene Litwak, ṣàlàyé pé ìṣípòpadà ọjọ́ ogbó pín sí mẹ́ta. Ti ìgbádùn ni ìkíní. Ìkejì ń bọ̀ nígbà tí ọkọ bá kú, tí orúnkún kò gbé ìyá mọ́, tí ojú kò jẹ́ kó lè wakọ̀: ọ̀dọ̀ ọmọ ló ń gbà lọ. Láti Florida tí wọ́n fi ń bú òyìnbó yìí ni àwọn àgbà tó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ ti ń padà sí àríwá lọ bá ọmọ. Ìkẹta ni ilé ìtọ́jú arúgbó, nígbà tí àìsàn bá ju agbára ọmọ lọ, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kò tó 5 nínú 100 ẹni ọdún 65 sókè. Ọmọ tí ìyá sá tọ̀ lọ́jọ́ àìlera, ṣé òun ló ju ìyá nù?

Kí a sì fi kún un pé ní ìpínlẹ̀ Maine tí òtútù ti ń mú hánhán, ìpín àwọn arúgbó ju ti Florida lọ. Ọ̀dọ́ tó ń lọ àti ọmọ tí wọn kò bí tó ló fà á, kì í ṣe pé ẹnì kan kó arúgbó dà síbẹ̀.

Àwa tí à ń bú wọn wá ńkọ́? Mo mọ ìyá kan tó bí mẹ́rin. Ọ̀kan wà ní Houston, ọ̀kan ní London, méjì wà ní Lẹ́kí. Àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn kún ògiri pálọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ọmọ aládùúgbò tó wà ní praimárì kẹta ló ń bá a ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Owó ń wọlé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n owó kì í di arúgbó lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tó bá kú, wọ́n á pa màlúù, wọ́n á dá aṣọ ẹbí, owó tí wọn kò rí gba olùtọ́jú á jáde wàràwàrà. Ojú kò tì wá!

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀: àgbà tó bá ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ lè yan ibi tó wù ú. Láti 1935 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀. Ní Nàìjíríà níbí, ẹni tó fi ọdún 35 sin ìjọba ń tò lábẹ́ oòrùn kó lè fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Kí owó ìfẹ̀yìntì máa wọlé lásìkò, kí dókítà wà nítòsí, kí ọmọ kan sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó: ohun tó yẹ ká máa gba máìkì sọ nìyẹn. Ẹni tó bá tún fẹ́ rojọ́ Florida létí mi, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó mú ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà kẹ́yìn.