‘Azl: Ẹ̀tọ́ Aya Ń Bẹ Nínú Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ènìyàn ní takọ-tabo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ìdúmàgbò àti Òkè-Pópó, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ọ̀dọ́ ni ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn kò fẹ́ kí oyún mìíràn tètè dé, ojú sì ń tì wọ́n láti lọ bá nọ́ọ̀sì. Ohun tí ọkọ wá gbójú lé ni pé kí ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kí àtọ̀ tó jáde. Èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ń pè ní ‘azl. Kò náni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó lè náni ní àlàáfíà ilé.

Ẹ̀sìn kò kà á léèwọ̀. Sàhábà Jabir ọmọ Abdullah jẹ́rìí pé àwọn ń ṣe é ní àsìkò tí Àlùkùránì ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì Abu Sa‘id al-Khudri, Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀mí tí Ọlọ́hun bá ti kọ pé yóò wá sáyé kò ní ṣàì wá. Nínú hádíìsì Judamah ọmọbìnrin Wahb, ó tilẹ̀ fi í wé bíbo ọmọ mọ́lẹ̀ láàyè ní ìkọ̀kọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sọ pé ó tọ́, ṣùgbọ́n pé fífi í sílẹ̀ sàn jù.

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé kò ṣe é fọkàn tẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 obìnrin tí ọkọ wọn ń lo ọ̀nà yìí fún ọdún kan, bí 20 ni yóò lóyún. Bí àwọn ọkọ náà kò bá tilẹ̀ ṣàṣìṣe rárá, 4 yóò ṣì lóyún. Omi tí ó ń ṣáájú àtọ̀ lè gbé irúgbìn ọmọ dání, ọkùnrin kì í sì í mọ ìgbà tí ó ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrùn ìbálòpọ̀.

Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oyún bá dé, ọkọ mìíràn a ní òun ti ṣọ́ra, ta ni ó ni ín? Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀sùn àgbèrè kan aya rẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù là á mọ́lẹ̀ pé ‘azl kì í ṣe ìdí tí ọkọ lè fi sẹ́ oyún: ọmọ tí a bí nínú yìgì, ọmọ ọkọ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè lé ìyàwó dé ọ̀dọ̀ aṣẹ́yún ní kọ̀rọ̀, níbi tí ẹ̀mí ti lè bọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ aya. Nínú mazhab Maliki tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ kò gbọdọ̀ ṣe ‘azl láìgba ìyọ̀ǹda aya rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ọmọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni ìgbádùn. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, yọ̀ǹda ‘azl nítorí ìlera aya, òun náà ni ó kọ́ ọkọ pé kí ó má ṣe kánjú dìde kí aya tó tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Àwọn àgbà a máa sọ pé kí ọkọ má ṣe sún mọ́ ìyálọ́mọ tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí àtọ̀ má ba ọmú jẹ́. Nínú hádíìsì Judamah yìí kan náà, Ànábì ti fẹ́ kọ̀ ọ́, kí ó tó rí i pé àwọn ará Róòmù àti Páṣíà ń ṣe é láìpa ọmọ wọn lára. Ohun tí ó ń pọ́n ọmọ lójú ni oyún tí ó tètè já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀. Àlùkùránì, nínú Súrà 2, áyà 233, pe ìfọ́mọlọ́mú tí ó pé ní ọdún méjì, ó sì fi ìjá-ọmú sí abẹ́ ìjíròrò ọkọ àti aya. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí obìnrin dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún wá oyún.

Ìmọ̀ràn tí ó yẹ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni pé kí tọkọtaya jọ sọ ọ́, kí wọ́n sì jọ lọ. Ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ti Lagos Island kò jìnnà sí wọn. Kí wọ́n béèrè ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ó bá ara ìyàwó mu, tí kò sì ní sé ilé ọmọ pa títí láé. Ìtìjú jẹ́ ara ìgbàgbọ́ òdodo, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́ àtibéèrè ohun tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí kì í ṣe ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ àti àánú sáàárín ọkọ àti aya. Áámín.