Ìdánwò Tí Ó Yẹ Aláìsàn

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ba ọpọlọ àgbàlagbà jẹ́, ọ̀rọ̀ lè sọnù lẹ́nu rẹ̀ bí ọgbọ́n rẹ̀ tilẹ̀ pé. Kí àwọn oníṣègùn lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ tó, wọn a máa dán an wò. Ní ọdún 1983, Edith Kaplan, onímọ̀ kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde: àwòrán 60 ni, kí aláìsàn sì dárúkọ ohun tí ó bá rí.

Ìdánwò rere ni fún àwọn tí a ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi yìnyín kọ́ wà nínú àwòrán wọ̀nyí. Bí àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ṣé àìsàn ni? Bí ó bá sì fẹ́ pe ọkọ́ tí ó pe ọkọ̀, ìdánwò tí a ṣe fún èdè tí kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò lè wọn àṣìṣe náà.

Ní tèmi, títúmọ̀ nìkan kò tó. Láti inú èdè aláìsàn ni ó yẹ kí ìdánwò rẹ̀ ti jáde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di oníṣègùn lọ́la, iṣẹ́ yín nìyí.