Ẹ Jẹ́ Kí Sinimá Yorùbá Dé Madina

Aṣọ tí a dá tí a kò wọ̀ ròde, inú àpótí ni yóò gbó sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn àwọn fíìmù Yorùbá tí ó ti jáde láti ọdún 2022 rí lójú mi. A ti náwó sí wọn, a ti ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, a sì ti fi ẹ̀rọ tí ó dára yà wọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí èdè wọn jinlẹ̀ jù lọ ni kò gba ilé sinimá kọjá rárá. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ sinimá. Ẹni tí ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà ni mí, tí ń jókòó wòran, tí ó sì ń rò ó bí ó ti ń padà lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí ọjà náà ti rí, pàápàá bí ọjà náà bá jẹ́ èdè àti ìtàn baba rẹ̀.

Madina ni mo fẹ́ kí a dúró sí láti wo ọ̀ràn yìí. Ìlú náà wà ní ìhà àríwá Accra, lẹ́yìn Legon tí Yunifásítì Ghana wà. Ní ọdún 1959 ni Alhaji Seidu Kardo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì fi orúkọ Mọdínà, ìlú mímọ́ nì, pè é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti jẹ́ ìlú àwọn àlejò. Hausa ń bẹ níbẹ̀, Ewe ń bẹ, Akan àti Ga ń bẹ, àwọn ará àríwá Ghana ń bẹ, Yorùbá náà sì ń bẹ.

Yorùbá ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Ìníṣà ti ń ṣòwò ní Gold Coast tipẹ́tipẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ tó di Ghana ní ọdún 1957. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lọ, àwọn mìíràn sì padà wá. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà ní Accra títí di òní: Twi ni wọ́n ń ná ọjà, Hausa ni wọ́n ń gbọ́ ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà ní ilé-ìwé. Níbo ni wọn yóò ti gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀? Ìyá lè kọ́ ọmọ bí a ti ń kí àgbà àti bí a ti ń tọrọ omi mu. Ṣùgbọ́n ní ti oríkì, òwe, ọ̀rọ̀ ààfin àti ọ̀rọ̀ oko, fíìmù ni olùkọ́ tí ó súnmọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn sinimá kò fi jẹ́ ọ̀ràn eré lásán fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a gbé díẹ̀ nínú àwọn fíìmù náà yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé Agẹṣinkólé jáde sí àwọn ilé sinimá. Ìtàn ìlú Ajéròmí ni, ìlú tí ó tòrò títí ọlọ́ṣà kan fi dé tí ó dà á rú. Yorùbá ni èdè ìtàn náà, owó tí ó sì pa ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò tijú èdè rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò wù mí ni pé oògùn pọ̀ níbẹ̀ ju èrò lọ. Bí a bá ń fi ọfọ̀ àti èèdì jà láìsinmi, òǹwòran a gbàgbé ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù yìí ti pa àwọn tí ń sọ pé ojúlówó Yorùbá kò lè kún gbọ̀ngàn lẹ́nu mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Fúnkẹ́ Akíndélé mú A Tribe Called Judah wá. Ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún tí ẹ̀yà wọn yàtọ̀ síra. Nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ náà pète olè kí wọ́n lè rí owó ìtọ́jú rẹ̀. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá wa. Ará Madina kò níláti bi ẹnikẹ́ni ohun tí ilé elédè márùn-ún jẹ́, nítorí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé. Mo yin obìnrin náà fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yára dé jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èéṣe tí ọmọ fi níláti jalè kí ìyá rẹ̀ tó rí dókítà? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a gbé délé, àwàdà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa.

Obìnrin kan náà ni ó gbé Everybody Loves Jenifa jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, òun náà sì ju bílíọ̀nù kan lọ. Apá kan ìtàn náà mú Jenifa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Ghana fún ìsinmi. Ìgbádùn kò burú. Ṣùgbọ́n ṣé ibi ìgbafẹ́ nìkan ni Ghana jẹ́ fún Yorùbá? Ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ti kọ́lé, tí wọ́n sin òkú wọn sí, tí a ti lé wọn jáde ní 1969! Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ti Alhaji Shehu Shagari náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n di ẹrù wọn sí ni a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Bí ẹnìkan bá fi òtítọ́ so ìtàn ọdún méjèèjì pọ̀ nínú fíìmù kan, Yorùbá yóò sunkún níbẹ̀, Akan àti Ga yóò sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo àwọn yòókù. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde ní 2022, Jagun Jagun ní 2023, House of Ga'a àti Lisabi ní 2024. Netflix ni ó gbé gbogbo wọn jáde. Sàró ahunṣọ tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ mú ṣìnà ní Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run Gáà tí agbára pa, Líṣàbí tí ó bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Ẹ̀gbá: èwo nínú wọn ni olùkọ́ kan kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀? Èmi kò bá àwọn tí ó tà wọ́n wí. Ẹni tí ó náwó ńlá gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò san án, ọ̀nà yìí sì gbé èdè wa dé Lọ́ńdọ̀nù àti Nìú Yọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ní Madina tí kò ní owó oṣooṣù tí Netflix ń gbà, tí owó dátà sì wọ́n fún, ìròyìn wọn ni yóò máa gbọ́.

Àwọn aṣáájú iṣẹ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ajani Ogun jáde ní 1976, tí Aiye ti Hubert Ògúnǹdé tẹ̀lé e ní 1979, àwọn aṣáájú wọ̀nyí a máa gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun láti ìlú dé ìlú, wọn a sì fi fíìmù hàn ní gbọ̀ngàn ìlú àti ní ilé-ìwé. Adé Love, bàbá Kúnlé Afọláyan, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ògúnǹdé sì ti kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ dé Gold Coast kí ibẹ̀ tó gba òmìnira.

Ghana fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà kan kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1989 ni Heritage Africa ti Kwaw Ansah gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní FESPACO ní Ouagadougou. Ní 1996, ìjọba ta ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ fíìmù orílẹ̀-èdè náà fún àwọn ará Malaysia. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá ìgboro Accra ti kógbá sílé, àwọn tuntun sì ń bẹ nínú ilé ìtajà ńlá bí Accra Mall, tí a ṣí ní 2008. Ẹni tí ó ni gbọ̀ngàn ni ó ni ẹnu. Ẹni tí kò ní, yóò máa wo ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí àwọn olóòtú fíìmù máa fi í sínú àdéhùn wọn pé, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ ìlú lè fi fíìmù náà hàn fún owó kékeré. Èkejì, kí wọ́n fi Twi àti Hausa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò wa. Adom TV fi ohùn Twi sí Kumkum Bhagya, eré àwọn ará Íńdíà, tọmọdé tàgbà ní Ghana sì ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́. Bí Íńdíà bá lè gba ẹnu Akan sọ̀rọ̀, ṣé Ọ̀yọ́ kò lè ṣe é ni? Ẹ̀kẹta kàn yín, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè òkun. Ẹ háyà ẹ̀rọ kan, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ kọ òwe tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ túmọ̀ wọn fún wọn. Èyí kò gba kí a dúró de ìjọba kankan.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilẹ̀ Ghana ti gba ilé lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa lẹ́ẹ̀kan. Èdè ni ilé tí àṣẹ ìjọba kankan kò lè gbà, àfi bí àwa fúnra wa bá jẹ́ kí àwọn ọmọ tà á.