Ìwé Kan Tó Yẹ Kó Bá Ọmọ Kúrò ní Ilé Ìwòsàn

Láti Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Port Harcourt (UPTH) tó wà ní Alakahia kò jìnnà. Òbí tó gbé ọmọ tí kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ dé irú ibẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, tí ọmọ sì padà wálé láàyè, ó yẹ kó dúpẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ máa lọ sílé kọ́ ni ìtọ́jú parí. Ojú àpá kì í jọ ojú ara.

Ohun tó ń pa kókó náà ló ń dá àpá sílẹ̀. Ìtànṣán tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lórí lè mú kí ọpọlọ rẹ̀ máa falẹ̀ nídìí ìrònú. Bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìtànṣán náà lè ba ẹ̀yà kékeré ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń darí ìdàgbàsókè jẹ́, kí ọmọ má ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún púpọ̀ lè kọjá kó tó hàn. Oògùn cisplatin tí wọ́n fi ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ lè ba etí jẹ́.

Ti etí yìí ló ń tan olùkọ́ jẹ jù. Ìró tó ròkè ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ń gbọ́ ohùn olùkọ́, ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n «s» àti «f» kò yé e mọ́. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Aluu kò ní mọ̀ bóyá «sá» ni wọ́n sọ tàbí «fá». Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní olóríkunkun ni.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ìwé kan lé òbí lọ́wọ́: orúkọ kókó náà, oògùn tí wọ́n lò, ìwọ̀n ìtànṣán, àti ohun tó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Láti 2003 ni Children's Oncology Group, ẹgbẹ́ olùwádìí jẹjẹrẹ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìlànà irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jáde. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán, 60 nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ máa yè é. Bí àwọn tó ń yè bá ń pọ̀, àwọn tó ń gbé àpá kiri náà á pọ̀.

Àwọn kan á ní owó iṣẹ́ abẹ gan-an dà? Òótọ́ ni, ìtọ́jú yìí wọ́n. Ṣùgbọ́n kí òbí fi ọmọ ti ògiri, kó sàmì sí ibi tó ga dé, kò gba kọ́bọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn pé táírọ́ọ̀dù, ẹ̀yà ara inú ọrùn tí ìtànṣán náà lè ṣàkóbá fún, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, oògùn oníhóró ojoojúmọ́ á sì dí àlàfo náà. Olùkọ́ tó bá ka ìwé yẹn á pe ọmọ wá síwájú, á sì kọjú sí i kó tó sọ̀rọ̀.

Owó ńlá ni wọ́n fi dóòlà ẹ̀mí ọmọ náà. Kò yẹ kó jẹ́ àìsí bébà kan ni yóò ba ìyókù ayé rẹ̀ jẹ́.